Iná Ọyẹ́ àti Ẹ̀rọ Afíngi Oníkọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Bóòdù Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí, àwọn káfíńtà àti àwọn agbẹ́gilére wa ló kọ́kọ́ kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ṣe mónógíráàmù sára aṣọ, ẹni tó ń ra epo bẹntiróò sínú kẹ́ẹ̀gì, àti ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kankan àmọ́ tó dúró ṣe onígbọ̀wọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, kí gbogbo wọn fara balẹ̀ kà á. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan onígbọ̀wọ́ nìyí.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀kan nínú wa tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣàgámù, tó fi owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ afíngi oníkọ̀ǹpútà, rí i pé ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ilẹ̀kùn ọ̀gánwó ló ń fín lọ́wọ́ fún oníbàárà kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Láàárọ̀, iṣẹ́ ń lọ geere. Tó bá di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, tí òòrùn mú, tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, ẹ̀rọ á ṣàdédé dúró láàárín iṣẹ́. Nígbà mìíràn, ọ̀bẹ rẹ̀ á gba ibi tí a kò rán an, á sì gbẹ́ kòtò sínú òdòdó tó ti fín tán. Ilẹ̀kùn méjì ló bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ pé bí òun bá fọwọ́ kan páìpù rọ́bà tó ń fa lẹ́búlẹ́bú igi, ó máa ń ta òun, ‘tá!’, bí ìgbà tí ìjàlọ bá géni jẹ. Kò sẹ́ni tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní ayé ló wà nídìí ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀rọ kò tàn mọ́. Wọ́n tú u, wọ́n rí i pé bóòdù tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ti kú.

Ó lé ní oṣù méjì kí bóòdù mìíràn tó dé. Kò síṣẹ́, kò sówó, gbèsè ẹgbẹ́ sì ń pè. Àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi àjẹṣẹ́kù wọn dí i. Ọ̀kan nínú wọn, obì ló ń tà, kò tíì fojú kan ẹ̀rọ náà rí láyé rẹ̀.

Kí wá ni ohun tó pa bóòdù yìí? Iná ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń bá wáyà wọlé. Iná inú wáyà ń ṣàn bí odò. Èyí tí à ń wí yìí kì í ṣàn. Ṣe ló ń jókòó sójú kan lára ohun tó gbẹ, tí á máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi rí ibi tí yóò fò sí. Sítátíìkì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Àwa ó máa pè é ní iná ọyẹ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí, nítorí àsìkò ọyẹ́ la máa ń rí ìjà rẹ̀ jù.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Ẹni tó bá bọ́ ẹ̀wù náílọ́ọ̀nù lóru nígbà ọyẹ́ á gbọ́ tí ń dún tatata, bí ilẹ̀ bá sì ṣú dáadáa á rí ẹ̀ta iná kéékèèké. Ọmọdé tó fi òòyà rọ́bà ya irun gbígbẹ, tó wá gbé òòyà náà súnmọ́ ègé bébà, á rí i tí bébà ń fò lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbàkigbà tí ohun méjì bá fara kanra tí wọ́n sì tún ya ara wọn, ọ̀kan á gba nǹkan lára èkejì. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ti rí èyí láti ohun tó lé ní 2,500 ọdún: wọ́n rí i pé bí a bá fi aṣọ nu oje igi kan tó ti di òkúta, á máa fa èèpo ọkà mọ́ra. Elektron ni wọ́n ń pe oje náà, ibẹ̀ sì ni òyìnbó ti rí orúkọ tó fún iná ẹ̀lẹ́tíríìkì.

Bí a bá wà nínú òjò, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Rẹ́mọ wa kún fún ọ̀rinrin. Ọ̀rinrin yìí á bo ara gbogbo nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú kò lè rí i, iná tó bá sì jókòó síbẹ̀ á gba orí rẹ̀ yọ́ lọ sílẹ̀ láìpariwo. Ṣùgbọ́n láti oṣù December títí wọ February, atẹ́gùn tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá á gbá gbogbo ọ̀rinrin náà lọ. Àwọn oní-obì Ṣàgámù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn léyìí. Wọ́n mọ̀ pé obì tí a kò fi ewé bò dáadáa nígbà ọyẹ́ á gbẹ, á sì fúyẹ́, èrè ti lọ nìyẹn. Ohun tó ń gba omi lára obì náà ló ń tú iná ọyẹ́ sílẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà.

A ó sọ iye kan níhìn-ín, ẹ má ṣe jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Iná ilé wa jẹ́ nǹkan bí 230 volts. Iná ọyẹ́ tó ta ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń tó 3,000 volts kí ara èèyàn tó mọ̀ ọ́n rárá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Kí ló dé tí kò pa á? Ẹ wo ẹ̀ta iná tó ń fò lójú ọwọ́ àgbẹ̀dẹ. Ó gbóná ju omi híhó lọ, síbẹ̀ ó bà lé àgbẹ̀dẹ lápá, kò sì bó o, nítorí pé ó kéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná ọyẹ́ rí: ó le, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Àwọn ẹ̀yà dúdú kéékèèké tó wà lórí bóòdù kò lágbára tiwa. Àwọn kan wà nínú wọn tí iná tí kò tó 100 volts lè bà jẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ lè fọwọ́ kan bóòdù, kí ẹ má gbọ́ ohunkóhun, kí ara yín má mọ nǹkan kan, kí ẹ sì ti pa á.

Èyí tó tún burú jù ni pé kì í fìgbà gbogbo kú lójú ẹsẹ̀. Bóòdù tí iná ọyẹ́ ti gún lẹ́ẹ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí obì tí kòkòrò ti wọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, ẹ ò ní mọ̀ títí tí ẹ ó fi là á.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ọdún 1952 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí nọ́ńbà ń darí han gbogbo ènìyàn ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà. Ọ̀gbẹ́ni John Parsons ló dá èrò rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ abẹ́ hẹlikópítà ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Irin ni ẹ̀rọ ìgbà náà ń gé, bébà tí wọ́n lu ihò sí lára ló sì ń kà. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa lónìí, tí wọ́n ń pè ní CNC, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà á ka àwòrán, á sì rán bóòdù níṣẹ́. Bóòdù á wá sọ fún àwọn mọ́tò pé kí wọ́n lọ sọ́tùn-ún, sósì, síwájú, sẹ́yìn, sókè, sísàlẹ̀. Ohùn tí bóòdù fi ń sọ̀rọ̀ kéré gan-an, 5 volts ni, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀ta iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún volts bá wá fò wọ àárín wọn, ṣe ló dà bí ẹni tó pariwo láàárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mọ́tò á gbọ́ àṣìgbọ́, ọ̀bẹ á sì gba ibòmíràn. Òun ló ba ilẹ̀kùn Ìkẹ́nnẹ́ jẹ́.

Àwọn àgbà kan nínú iṣẹ́ yìí máa ń fi wá ṣẹ̀sín. Wọ́n ní Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tó jáde láyé ní 2009, fi irin ọwọ́ gbẹ́ ère tí gbogbo ayé mọ̀, ọyẹ́ kankan kò sì dá a dúró. Òótọ́ ni, a kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti yá owó ra ẹ̀rọ kò lè dá a padà nítorí ẹ̀fẹ̀ àgbà.

Níbo wá ni iná yìí ti ń wá nínú ṣọ́ọ̀bù? Orísun rẹ̀ tó tóbi jù ni páìpù rọ́bà tó ń fa lẹ́búlẹ́bú. Lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ ń sáré gba inú páìpù kọjá, ó ń ha á lára látàárọ̀ dalẹ́, iná sì ń gorí iná. Igi MDF, tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kúnná bí èlùbọ́, wà lára àwọn tó burú. Gígé Perspex fún àwọn tó ń kọ páálí ìpolówó tún le díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn páìpù, ara àwa fúnra wa ló kàn: bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ẹ̀wù pọ́lísítà lọ́rùn, kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Gbogbo ìjàǹbá kọ́ ni ti iná ọyẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti náwó sí oògùn tí kì í ṣe ti àrùn wọn. Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé ni ẹ̀rọ yín máa ń kú, iná àjùlọ nìyẹn. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì nígbàkigbà tí iná bá lọ, kí ẹ sì dúró kí iná fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ tó kì í padà. Bó bá jẹ́ ìgbà tí mọ́tò tó ń yí ọ̀bẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni ọ̀rọ̀ máa ń dàrú, bó jẹ́ òjò bó jẹ́ ọyẹ́, ariwo mọ́tò ló ń wọ wáyà bóòdù. Ẹ ya wáyà mọ́tò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà bóòdù, kí ẹ ra wáyà tó ní aṣọ irin lára, kí okùn USB yín má sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀sán gbígbẹ ni, tí ẹ̀rọ tó ń fa lẹ́búlẹ́bú wà lórí iṣẹ́, tí ẹ sì pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí gbogbo nǹkan bọ̀ sípò, iná ọyẹ́ gan-an lẹ mú yẹn. Ọ̀nà ìdánwò yìí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ti Ṣàgámù ì bá ṣe é lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní ni, bóòdù rẹ̀ ì bá wà láàyè.

Oògùn rẹ̀ ni ká fún un lọ́nà tí yóò gbà wọlẹ̀ kó tó di pé ó ń fò. Ihò kẹta, èyí tó wà lókè nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì wa, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀nà ilẹ̀ ni, tí àwọn oníwáyà ń pè ní áàtì. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí à ń ṣe sí i: bíírò la máa ń kì bọ̀ ọ́ kí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé! Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, bí ẹ bá tú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ẹ ò ní rí wáyà kankan lẹ́yìn ihò yẹn. Ẹ jẹ́ kí oníwáyà tó mọṣẹ́ yẹ tiyín wò. Bí kò bá sí, kó ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ níbi tó tutù, bíi ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi ẹ̀rọ ń ṣàn sí. Èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣe gùn tó ló ṣe dára tó. Bí ọyẹ́ bá mú, ilẹ̀ náà á gbẹ, nítorí náà kí ẹ máa bu omi sí ìdí ọ̀pá náà. Àwọn oníwáyà kan máa ń da iyọ̀ sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ iyọ̀ ń jẹ irin, òjò sì ń fọ̀ ọ́ lọ.

Ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fẹnu yẹpẹrẹ mú. Ẹ má gbà fún oníwáyà kankan pé kó so wáyà ilẹ̀ mọ́ níútírà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì nítorí pé kò rí ibi tí yóò so ó sí. Lọ́jọ́ tí níútírà bá já, gbogbo irin ara ẹ̀rọ yín á di iná, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án lè kú. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóòdù mọ́.

Irin ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tó ń fa lẹ́búlẹ́bú, àti kọ̀ǹpútà, ojú ilẹ̀ kan náà ni kí gbogbo wọn dé. Ẹ má ṣe ri ọ̀pá tọ̀tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹ bá ti fi nọ́ọ̀tì de wáyà mọ́ ara irin, ẹ kọ́kọ́ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, torí iná kì í gba orí ọ̀dà kọjá. Apá ẹ̀rọ tó ń lọ tó ń bọ̀ sì wà níbẹ̀ náà; gírísì orí irin tó ń yọ̀ lé lè dínà, nítorí náà ẹ fi wáyà rírọ̀ so ó mọ́ ìdí ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ra wáyà bàbà tó wà ní ìhòòhò, èyí tí kò ní rọ́bà lára. Ẹ fà á gba inú páìpù láti ẹnu rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀bẹ títí dé ìdí ẹ̀rọ tó ń fa lẹ́búlẹ́bú. Ẹ so orí rẹ̀ kan mọ́ irin ẹ̀rọ afíngi, kí ẹ so èkejì mọ́ irin ẹ̀rọ tó ń fà. Kí ó fà gbọọrọ, kó má ṣe ká jọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èérún igi á kó síbẹ̀, páìpù á sì dí. Bí páìpù yín bá jẹ́ irú èyí tó ti ní wáyà lílọ́ nínú, ẹ bó o ní orí méjèèjì, kí ẹ sì so òun náà bákan náà. A kò ní tàn yín o: wáyà yìí kò lè kó gbogbo iná ara rọ́bà tán, torí rọ́bà kì í fẹ́ jọ̀wọ́ ohun tó bá ti dì mú. Ṣùgbọ́n ó ń fún iná náà ní ibi tí yóò fò sí yàtọ̀ sí bóòdù, iyẹn la sì ń wá. Ẹni tó bá lówó, kó ra páìpù onírin, tàbí èyí dúdú tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an.

Ní ti ara wa, kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan bóòdù tàbí okùn kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ pa iná, kó sì fọwọ́ kan irin tí a ti so mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ kan wà tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń lò, tó ní wáyà tó so mọ́ ilẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wọ̀ ọ́ sídìí ohun tí iná wà lára rẹ̀. Etí bóòdù ni kí ẹ máa dì mú, kì í ṣe ojú rẹ̀. Bí ẹ bá lọ ra òmíràn, kí ó wà nínú àpò rẹ̀ aláwọ̀ fàdákà. Bí ẹni tó ń tà á bá yọ ọ́ síta tó wá fi náílọ́ọ̀nù dúdú tí a fi ń ra iyọ̀ dì í fún yín, ẹ má gbà á. Ẹ̀wù òwú ló dára láti fi ṣiṣẹ́ lásìkò yìí.

Ọ̀rinrin náà ń ran èèyàn lọ́wọ́. Bí ọ̀rinrin inú ṣọ́ọ̀bù bá wà láàárín ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ìjà iná ọyẹ́ á rọlẹ̀. Aago kékeré kan wà lọ́jà tó ń wọ̀n ọ́n. Ẹ lè fi aṣọ tútù kọ́ lẹ́nu fèrèsé, kí ẹ sì fi omi nu ilẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó tan ohunkóhun. Kí omi má ṣe súnmọ́ ìdí ẹ̀rọ o, kó má sì pọ̀ jù, nítorí pákó tó mumi á wú, irin á sì dípẹtà.

Ẹ̀yin oní-mónógíráàmù, bóòdù kan náà ló wà nínú ẹ̀rọ yín, òwú pọ́lísítà tí ẹ ń lò sì ń fa iná ọyẹ́ dáadáa. Ẹ̀yin tó ń ra bẹntiróò fún jẹnẹrétọ̀, tiyín kì í ṣe ọ̀rọ̀ bóòdù, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ẹ sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ kí wọ́n tó rọ epo sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rọ ọ́ nígbà tó ṣì wà nínú búùtù tàbí lórí ọ̀kadà. Kí irin ẹnu páìpù epo kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì, kí epo sì máa rọra wọlé. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo tó fún afẹ́fẹ́ epo.

Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò báyìí pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà, oníwáyà yóò kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wò, a ó sì fi owó ọ̀pá bàbà àti wáyà rẹ̀ kún owó tí a ó yá a. Àwọn kan nípàdé ní ìyẹn ti le jù, pé ẹgbẹ́ ń wá ìdíwọ́. Onígbọ̀wọ́ tó ń ta obì ló dìde dá wọn lóhùn, a kò sì ní tún ohun tó sọ tẹ̀ síhìn-ín, gbogbo ẹni tó wà nípàdé ló gbọ́ ọ.

Ní ti ọmọ ẹgbẹ́ wa ti Ṣàgámù, wáyà bàbà ti wà nínú páìpù rẹ̀ báyìí, ọ̀pá sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi ẹ̀rọ ń ṣàn sí. Ilẹ̀kùn ọ̀gánwó náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó ku oṣù mẹ́rin kó san owó àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ padà tán.